Fífagi lé Kì í Ṣe Dídá Dúró: Àyẹ̀wò Ìlérí tí Àwọn Àkójọ Irinṣẹ́ Ètò Ń Ṣe Nípa Aago

1. Ìbéèrè tí ó wà nílẹ̀

Ká sọ pé ètò kọ̀ǹpútà kan ń darí owó tí àwọn ènìyàn ń fi fóònù san. Oníbàárà kan fẹ́ ra ọjà. Ètò náà gba owó lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ń dúró de èsì láti ọ̀dọ̀ olùtajà. Ó dá aago kan sílẹ̀: bí èsì kò bá dé láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 30, kí a dá owó oníbàárà padà. Èsì dé nígbà tí ó ku bíńtín kí àkókò pé. Ètò náà fagi lé aago, ó sì sọ fún olùtajà pé kí ó gbé ọjà sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ní apá mìíràn nínú ètò kan náà, aago ti pe iṣẹ́ rẹ̀ kí ìfagilé tó dé. Owó padà sí àpò oníbàárà, ọjà sì ti bá a lọ. Olùtajà ni ó jẹ gbèsè.

Bí a bá pe ẹni tí ó kọ ètò náà kí ó wá ṣàlàyé, kò ní rí ìlà kan tí yóò nawọ́ sí pé ibí ni òun ti ṣì í. Ó pàṣẹ ìfagilé kí ó tó sọ̀rọ̀ fún olùtajà, bí ó ti yẹ. Àṣẹ náà padà dé láìsí ariwo. Ohun tí kò mọ̀ ni ohun tí àṣẹ náà ṣèlérí.

Èrò tí a fẹ́ gbè lẹ́yìn nínú iṣẹ́ yìí ni pé irú àléébù bẹ́ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti orí orúkọ. Àwọn tí ó ń ṣe àkójọ irinṣẹ́ fún àwọn tí ó ń kọ ètò máa ń kó ìlérí púpọ̀ sábẹ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, wọn a sì fi ìyàtọ̀ wọn pamọ́ sínú ìwé àlàyé. A ó yẹ márùn-ún wò nínú irú àkójọ bẹ́ẹ̀, a ó sì sọ èyí tí ó sún mọ́ òtítọ́ jù lọ.

Kí a tó tẹ̀ síwájú, ọ̀rọ̀ mẹ́ta nílò àlàyé. Aago ìpè ni aago tí a dá àkókò fún pé kí ó pe iṣẹ́ kan. Iṣẹ́ tí ó pè ni a ó máa pè ní iṣẹ́ àpè. Fọ́nrán iṣẹ́, tàbí fọ́nrán lásán, ni ọ̀wọ́ àṣẹ kan tí ẹ̀rọ ń tẹ̀ lé. Ètò kan lè ní fọ́nrán púpọ̀ tí ó ń lọ lẹ́ẹ̀kan náà, kò sì sí èyí tí ó mọ ibi tí èkejì dé àfi bí a bá ṣètò kí ó mọ̀.

2. Ohun tí ọ̀rọ̀ náà ń sọ

Nínú èdè wa, ẹni tí ó fagi lé nǹkan fa igi lé e lórí. Ìwé ni ó fọwọ́ kàn. Bí ìyá kan bá kọ orúkọ àwọn ohun tí ó fẹ́ rán ọmọ rà sínú ìwé, tí ó sì wá fagi lé iyọ̀, ọmọ tí ìwé náà ṣì wà níwájú rẹ̀ kò ní ra iyọ̀. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá ti ka ìwé, tí ó sì ti wà lójú ọ̀nà ọjà, igi tí ìyá fà nílé kò lè dé etí rẹ̀. Bí ìyá bá fẹ́ kí ó yí padà, ó di dandan kí ó rán ẹlòmíràn lé e. Ìyẹn ni dídá dúró. Bí kò bá sì lè dá a dúró, ó kéré tán ó lè jókòó dè é, kí ó má ṣe na owó tí ó kù títí ọmọ yóò fi dé tí yóò sọ ohun tí ó rà. Ìyẹn ni dídúró dè.

Yorùbá ya ìṣe mẹ́ta yìí sọ́tọ̀ láìsí wàhálà. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà, cancel, tí ó kún inú àwọn àkójọ irinṣẹ́, ní ìtàn tí ó jọ ti fagi lé: láti inú Látìn ni ó ti wá, ìtumọ̀ rẹ̀ níbẹ̀ sì ni kí a fa ìlà tí ó dábùú ara wọn sórí ohun tí a kọ. Òun náà ń sọ̀rọ̀ nípa ìwé. Annuler tí àwa tí a fi Faransé kàwé máa ń fi túmọ̀ rẹ̀ tún lọ jìnnà jù bẹ́ẹ̀ lọ: ó ní kí a sọ nǹkan di asán, bí ẹni pé kò wáyé rí. Ẹni tí ó bá fi etí Faransé gbọ́ ìlérí aago yóò gbọ́ ohun tí kò sí àkójọ kankan tí ó lè mú ṣẹ. Ìdí nìyí tí a fi rò pé ọ̀rọ̀ Yorùbá wúlò fún àríwísí yìí ju kí ó kàn jẹ́ ìtumọ̀ lọ.

3. Òṣùwọ̀n wa

Ìbéèrè mẹ́ta ni a ó bi àkójọ kọ̀ọ̀kan. Àkọ́kọ́: lẹ́yìn tí àṣẹ ìfagilé bá ti padà dé, ṣé iṣẹ́ àpè ṣì lè bẹ̀rẹ̀? Èkejì: ṣé iṣẹ́ tí ó ti bẹ̀rẹ̀ ṣì lè máa lọ lọ́wọ́? Ẹ̀kẹta: ṣé àṣẹ náà sọ fún ẹni tí ó pè é ẹni tí ó borí, aago tàbí ìfagilé? Ìbéèrè kẹta ni ó kan olùtajà tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ lókè. Èkejì ni ó kan ìrántí ẹ̀rọ: bí a bá dá àyè ìrántí kan padà fún ẹ̀rọ, tí iṣẹ́ àpè tí ó ṣì ń lọ sì kọ nǹkan sínú rẹ̀, ohun tí ó bàjẹ́ lè jẹ́ ti ẹlòmíràn, ọ̀nà sì lè ṣí fún olè.

4. Àkójọ márùn-ún

Ti Python. Nínú threading.Timer, aago kọ̀ọ̀kan jẹ́ fọ́nrán tirẹ̀. Ó ń dúró títí àkókò yóò fi pé, ó wo àmì kan bóyá a ti fagi lé e, bí kò bá rí àmì, ó pe iṣẹ́. Àlàfo kékeré wà láàárín wíwo àmì àti pípe iṣẹ́. Bí cancel bá bọ́ sínú àlàfo yẹn, yóò padà dé, iṣẹ́ yóò sì bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ìwé àlàyé Python kò purọ́: ó ní ìfagilé ń ṣiṣẹ́ kìkì nígbà tí aago bá ṣì ń dúró. Àmọ́ cancel kò dá èsì kankan padà, nítorí náà ẹni tí ó pè é kò ní ọ̀nà láti mọ̀ bóyá ó bá aago níbi tí ó ń dúró. Ohun rere ibẹ̀ ni pé, níwọ̀n bí aago ti jẹ́ fọ́nrán, a lè pe join tẹ̀ lé cancel, join yóò sì dúró de ìparí rẹ̀. Ìṣe méjì, orúkọ méjì: ẹni tí ó bá ka ètò náà rí ohun tí ó ń ṣe.

Ti .NET. Àṣẹ tí a fi ń pa System.Threading.Timer ni Dispose. Ìwé àlàyé Microsoft kìlọ̀ pé iṣẹ́ àpè lè wáyé lẹ́yìn Dispose, nítorí pé aago náà kì í ṣe iṣẹ́ fúnra rẹ̀. Ó ń tò ó sórí ìlà fún àwọn fọ́nrán mìíràn láti ṣe. Ẹni tí ó bá fẹ́ dúró dè yóò pe Dispose kan náà, ṣùgbọ́n yóò fi WaitHandle sí i, láti ìgbà.NET Core 3.0, ní 2019, ó tún lè lo DisposeAsync. Ẹ̀bùn dídúró dè wà níbẹ̀ nígbà náà. Àríwísí wa ni pé ìlérí méjì tí ó jìnnà síra wọn ń jẹ́ orúkọ kan, ohun tí a kó sínú àkámọ́ nìkan ni ó yà wọ́n. Ìbéèrè kẹta kò sì ní ìdáhùn: kò sí èyí nínú wọn tí ó sọ ẹni tí ó borí.

Ti Java. TimerTask wọlé pẹ̀lú Java 1.3. Àlàyé cancel rẹ̀ mọ́ kedere: bí iṣẹ́ bá ń lọ lọ́wọ́, yóò lọ dé òpin, kò sì ní tún wáyé mọ́. Ó tún dá bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ padà. Fún iṣẹ́ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, ìdáhùn yẹn tó: bẹ́ẹ̀ ni túmọ̀ sí pé ìfagilé ni ó borí. Fún iṣẹ́ tí ó ń wáyé léraléra, bẹ́ẹ̀ ni kò sọ bóyá ọ̀kan ń lọ lọ́wọ́ ní ìṣẹ́jú yẹn. Java 5, tí ó jáde ní 2004, mú ScheduledThreadPoolExecutor wá, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ ti dojú rú. Lẹ́yìn tí a bá fagi lé iṣẹ́ kan níbẹ̀, isDone yóò dáhùn bẹ́ẹ̀ ni lójú ẹsẹ̀, bí iṣẹ́ náà tilẹ̀ ń lọ lọ́wọ́ nínú fọ́nrán mìíràn. Orúkọ náà ní iṣẹ́ ti parí. Ohun tí ó parí ni àkọsílẹ̀ rẹ̀. Nínú àwọn márùn-ún, èyí ni a kà sí èyí tí ó burú jù, nítorí pé àwọn yòókù dákẹ́, èyí sì sọ̀rọ̀.

Ti Go. Aago Go lè pe iṣẹ́, ó sì tún lè fi àkókò ránṣẹ́ gba ọ̀nà ìfiránṣẹ́ kan tí ẹni tí ó dá a ń tẹ́tí sí. Stop dá bẹ́ẹ̀ ni padà bí ó bá dá aago dúró, bẹ́ẹ̀ kọ́ bí àkókò bá ti pé tàbí bí a bá ti dá a dúró tẹ́lẹ̀. Nǹkan méjì ń gbé inú bẹ́ẹ̀ kọ́ yẹn, ẹni tí ó bá gbà á ni yóò yan èyí tí ó jẹ́. Bí ó bá jẹ́ iṣẹ́ ni aago pè, ìwé àlàyé sọ pé Stop kì í dúró de ìparí rẹ̀.

Ọ̀nà ìfiránṣẹ́ ni ó fa wàhálà jù. Fún ọdún púpọ̀, ọ̀nà náà ní àyè fún ìránṣẹ́ kan, nítorí náà ìránṣẹ́ àtijọ́ lè wà nínú rẹ̀ lẹ́yìn Stop. Ìwé àlàyé gbani nímọ̀ràn pé bí Stop bá ní bẹ́ẹ̀ kọ́, kí a gba ohun tí ó wà nínú ọ̀nà náà kúrò. Ẹni tí ó bá tẹ̀ lé ìmọ̀ràn yìí lẹ́yìn tí ó ti gba ìránṣẹ́ náà tẹ́lẹ̀ yóò dúró títí láé. Go 1.23, tí ó jáde ní oṣù kẹjọ ọdún 2024, tún un ṣe: lẹ́yìn tí Stop tàbí Reset bá ti padà dé, ìránṣẹ́ àtijọ́ kankan kò ní jáde mọ́. Ó yẹ kí a yìn wọ́n, nítorí pé wọ́n gbé ẹrù kúrò lórí ẹni tí ó ń lo irinṣẹ́, wọ́n gbé e sórí ẹni tí ó ṣe é. Ó sì yẹ kí a rí i pé ìwé àlàyé tí ó nílò ìmọ̀ràn bẹ́ẹ̀ ti ń jẹ́wọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé ìlérí náà kò pé.

Ti kernel Linux, ìyẹn ètò tí ó wà láàárín ẹ̀rọ gan-an àti gbogbo ètò yòókù. Níbẹ̀, àwọn ìṣe wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ lábẹ́ orúkọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. timer_delete yọ aago kúrò nínú àkọsílẹ̀, kò sì dúró de ẹnikẹ́ni: fífagi lé ni. timer_delete_sync yọ ọ́, ó sì dúró de iṣẹ́ àpè tí ó bá ń lọ lórí ọpọlọ ẹ̀rọ mìíràn: fífagi lé àti dídúró dè ni. timer_shutdown_sync ṣe méjèèjì, ó sì ti ìlẹ̀kùn, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ó bá tún gbìyànjú láti dá aago náà kò ní rí ohun tí yóò ṣẹlẹ̀.

Èyí tí a dárúkọ gbẹ̀yìn wọlé ní 2023 pẹ̀lú Linux 6.2, ìdí rẹ̀ sì kọ́ni lẹ́kọ̀ọ́. Ó máa ń ṣẹlẹ̀ pé aago pe iṣẹ́ kan, iṣẹ́ náà sì tún dá aago. Bí a bá kọ́kọ́ pa aago, iṣẹ́ yóò tún un dá. Bí a bá kọ́kọ́ pa iṣẹ́, aago yóò tún un pè. Bí a ti wù kí a tò ó, kò sí ìgbà tí a lè fọwọ́ sọ̀yà pé gbogbo rẹ̀ ti dákẹ́. Dídúró dè kò tó níbi tí ẹni tí a ń dúró dè lè bí ẹlòmíràn. Àfi kí a ti ìlẹ̀kùn.

5. Àwọn tí kò ní gbà pẹ̀lú wa

Ẹnìkan lè bi wá pé, bí dídúró dè bá dára tó bẹ́ẹ̀, èé ṣe tí gbogbo ìfagilé kò fi máa dúró? Ìdí rẹ̀ ni pé dídúró dè lè pani. Ká ní fọ́nrán kan mú àgádágodo kan dání, ó sì ń dúró de iṣẹ́ àpè. Iṣẹ́ àpè náà nílò àgádágodo yẹn gan-an kí ó tó lè parí. Kálukú ń dúró de ẹnì kejì, ètò sì ti kú sójú kan náà. Bákan náà ni bí iṣẹ́ àpè bá fagi lé aago tirẹ̀ tí ó sì ń dúró de ìparí ara rẹ̀: ó dà bí ẹni tí ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà tí ó ń retí kí òun fúnra òun dé. Ìwé àlàyé Linux kìlọ̀ nípa méjèèjì. Nítorí náà, a kò sọ pé kí àkójọ fi dídúró dè pamọ́ sínú gbogbo ìfagilé. Ewu tí ó wà nínú rẹ̀ gan-an ni ó mú kí ó pọn dandan pé kí ó ní orúkọ tirẹ̀.

Ẹlòmíràn yóò ní ọgbọ́n tí ó rọrùn jù ni kí a má jẹ́ kí fọ́nrán méjì fọwọ́ kan aago kan. Òfin Qt nìyẹn: a kò gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ QTimer tàbí dá a dúró láti inú fọ́nrán tí kì í ṣe tirẹ̀. Òfin rere ni. Níbi tí a bá ti lè pa á mọ́, ìbéèrè àkọ́kọ́ àti èkejì kò ní dìde, nítorí pé ìfagilé àti iṣẹ́ àpè kò lè wáyé lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣùgbọ́n fọ́nrán tí ó gba èsì olùtajà yóò ní láti ránṣẹ́ sí fọ́nrán tí ó ni aago pé kí ó pa á, àkókò sì lè pé nígbà tí ìránṣẹ́ náà wà lójú ọ̀nà. Ìbéèrè kẹta ṣì dúró: ta ni ó borí?

6. Ohun tí a ń dábàá

Àbá wa kéré. Kí àkójọ irinṣẹ́ fún ìṣe mẹ́ta ní orúkọ mẹ́ta: fagi lé; fagi lé kí o sì dúró dè; ti ìlẹ̀kùn. Kí ìfagilé máa dá èsì mẹ́ta padà dípò méjì: mo bá a kí ó tó lọ, ó ti lọ, kò tíì dé, mi ò bá ohun kan. Kernel Linux ti ní irú rẹ̀ nínú àṣẹ tí a mọ̀ tẹ́lẹ̀ sí try_to_del_timer_sync, tí ó ń dá 1 padà bí ó bá bá aago lórí ìlà, -1 bí iṣẹ́ àpè bá ń lọ lórí ọpọlọ ẹ̀rọ mìíràn, àti 0 bí aago kò bá sí lórí ìlà. Kí dídúró dè tún mọ ìgbà tí iṣẹ́ àpè fúnra rẹ̀ ni ó pè é, kí ó má sì dúró nígbà náà. Timer.cancel ti Java ti fi ọ̀nà hàn níbí: bí a bá pè é láti inú iṣẹ́ kan, ó ṣèlérí pé iṣẹ́ tí ó ń lọ yẹn ni ìkẹyìn.

Lábẹ́ gbogbo èyí, kí ìyípadà láti ipò dídúró jẹ́ ìṣe kan tí a kò lè pín sí méjì. Aago fẹ́ sọ ọ́ di ipò lílọ, ìfagilé fẹ́ sọ ọ́ di ipò fífagi lé, ẹnì kan ṣoṣo nínú wọn ni yóò sì rí i ṣe. Àlàfo tí a rí nínú ti Python ni ohun tí ó máa ń ṣẹlẹ̀ bí a bá pín in.

Ẹ jẹ́ kí a fi àbá náà wọn ọ̀rọ̀ olùtajà. Èsì rẹ̀ dé, ètò fagi lé aago, ó sì ka ìdáhùn. Bí ó bá jẹ́ mo bá a kí ó tó lọ, owó kò ní padà láé. Kí olùtajà gbé ọjà sílẹ̀. Bí ó bá jẹ́ èyíkéyìí nínú méjì tó kù, owó ti padà tàbí ó wà lójú ọ̀nà. Kí ètò sọ fún olùtajà pé ọjà ti bọ́. Ìlà kan péré ni ó pọ̀ sí i nínú ètò náà. Ẹni tí ó kọ ọ́ kò sì lè kọ ìlà yẹn bí àkójọ irinṣẹ́ kò bá dá a lóhùn.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa tí ó ń kọ ètò ń ka ìwé àlàyé ní èdè tí kì í ṣe tiwọn, wọ́n sì sábà máa ń ka orúkọ àṣẹ nìkan nítorí pé ìwé náà gùn. Orúkọ ni ìlérí tí gbogbo ènìyàn ń kà. Bí ẹ̀ka wa bá ń túmọ̀ irú ìwé bẹ́ẹ̀ sí Yorùbá, a rọ àwọn tí iṣẹ́ náà wà lọ́wọ́ wọn pé kí wọ́n má fi fagi lé túmọ̀ gbogbo cancel tí wọ́n bá rí. Kí wọ́n kọ́kọ́ wo ohun tí àṣẹ náà ń ṣe. Bí ó bá ń dúró, kí wọ́n sọ pé ó ń dúró. Bí ìwé nìkan ni ó fọwọ́ kàn, kí wọ́n jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ pé ẹnìkan lè ti wà lójú ọ̀nà.